Aṣọ Tí Mo Gbé Káàkiri Abidjan

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ya àwòrán ọ̀sà Abidjan sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bẹ́ẹ̀ n kò fojú rí i rí. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Màá fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa omi, màá fi funfun fa afárá méjì, màá wá dúró gbagidi bí ẹni tó bá wọn kọ́ afárá náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé omi yẹn ń rùn?" Mo ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí n kò mọ̀, mo sì kórìíra kí n má mọ nǹkan.

Nítorí náà, ní bí ọdún 2008, nígbà tí wọ́n yàn mí láti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ní Dakar, ohun tó dùn mọ́ mi jù kì í ṣe Dakar. Mo rí i lára tíkẹ́ẹ̀tì pé bàálù tó máa gbé mi láti Èkó yóò já mi sílẹ̀ ní Abidjan ní aago méje àárọ̀, èyí tó máa gbé mi débi tí mò ń lọ kò sì ní gbéra títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń bá mi kẹ́dùn pé wákàtí mọ́kànlá lórí àga irin kì í ṣe eré. Mo ń sọ pé ẹ ṣeun, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Èmi tí ojú mi kì í gbé ibì kan, ta ni yóò so mí mọ́ àga?

Ìyá mi nìkan ni kò bá mi kẹ́dùn. Ní ìlú wa, lápá Ọ̀ṣun, ó ṣòro kí o rí agbo ilé tí kò ní ẹni kan ní Abidjan. Tiwa ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí ìyá wọn, tó bá ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tí ìyá mi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí i, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tó tún wálé lẹ́yìn ìyẹn, mo wà ní ilé ìwé lókè Ọya.

Ìgbà tí ogun pín ilẹ̀ Côte d'Ivoire sí méjì ni ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ránṣẹ́ pé ọ̀nà ti dí, òun kò lè wá sìnkú. Ìyá mi kò gbà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wá sin ìyá rẹ̀, á gba orí omi wá. Òun tó jẹ́ àbúrò ló ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí àkọ́bí ṣe, ojú sì tì í lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi tí wọ́n ti ń béèrè àkọ́bí tí kò sí. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n pín aṣọ olóògbé, wọ́n yọ ti àkọ́bí sọ́tọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan ni, èyí tí ìyá àgbà fẹ́ràn jù nínú gbogbo aṣọ rẹ̀. Ìyá mi tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú káfúrà. Kò fi ránṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ró o. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìpín aṣọ ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ilé, ẹni tí wọn kò bá fún mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun. Ọdún bíi márùn-ún ni aṣọ náà fi wà níbẹ̀, tí ìyá mi kò pinnu èyí tó fẹ́ sọ nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ méjì kí n tó gbéra, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú àpò kan. Ó sọ àdúgbò fún mi, Koumassi Remblais, ó sì sọ àmì ilé, pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpoògùn tó gbé àgbélébùú aláwọ̀ ewé kọ́ iwájú. Mo bi í pé, "Kí ni kí n sọ fún wọn, Màámi?"

Ó ní, "Gbé e fún un. Má sọ nǹkan kan."

Ní Abidjan, wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n wo káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n sì jẹ́ kí n kọjá. Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, àwọn èèyàn tò bí ọgbà, wọ́n na páálí tí wọ́n kọ orúkọ sí sókè. Láàrin wọn, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ léèsì funfun. Kò mú páálí dání. Fọ́tò ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé sókè, fọ́tò kékeré tó ti pọ́n, ọmọdé kan nínú aṣọ ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dẹsẹ̀ dúró díẹ̀, bí ìṣe mi. Mo ní ogun ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá yìí, ojoojúmọ́ ló sì ń wá dúró síbí. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo yà sápá òsì kí n má bàa dí i lójú.

N kò ṣàì mọ àṣà. Nílé wa, bí èèyàn bá wọ ìlú tí àgbà rẹ̀ wà, ilé àgbà ló kọ́kọ́ ń yà, ì báà jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ pé ebi ń pa á. Kì í mu omi ẹlòmíràn kó tó mu tiwọn. Ṣùgbọ́n mo ti fi máàpù wò ó láti Òṣogbo pé Koumassi wà láàrin pápákọ̀ àti ìgboro. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sí ìgboro, màá ya Koumassi nígbà tí mo bá ń padà, n kò ní rin ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti balẹ̀? Báyìí ni mo ṣe fi jọ́gíráfì bá àṣà jà, tí mo sì gbà pé jọ́gíráfì ló borí.

Takisí pupa kan dúró. Awakọ̀ náà ní, "Tantie, on va où?" Mo ti mọ̀ pé àǹtí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi pé mo ti di àǹtí ẹnì kan kí n tó kúrò ní pápákọ̀. Mo ní Plateau ni mò ń lọ, ibi tí àwọn ilé gíga wà. Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé kò ju kí n fi ra búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: kí ni ilé yẹn, ta ló ń gbé ibí, kí ló dé tí òpópónà fẹ̀ tó báyìí? Ó ń dáhùn, mo ń gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí a gun orí afárá, mo ní kó rọra. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, ó fẹ̀ ju gbogbo ṣọ́ọ̀kì tí mo ti fi yà á lọ. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ẹ̀rù bà á. Ojú tèmi kò rí òkun dáadáa rí, nítorí náà ẹ̀rù bà mí.

Ní Plateau, mo rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo wo àwọn ilé oníláńláńlá tí gíláàsì wọn ń dán, mo wo àwọn akọ̀wé tó ń sáré pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn lábíyá. Mo wá gbójú sókè, mo rí ohun tí ìwé jọ́gíráfì kankan kò sọ fún mi. Igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe èso ló so. Àdán ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń pariwo láàrin ìgboro lójú ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tó yà lẹ́nu àfi èmi. Nílé wa, bí àdán bá wọlé ẹnì kan, wọn á ti máa wá ohun tó fà á. Mo dúró sábẹ́ igi náà, mo ń gbìyànjú láti kà wọ́n.

Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan pè mí láti iwájú géètì. "Tantie, quitte là-bas. Ils vont faire pipi sur toi." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ kó lè yé mi pé wọ́n máa tọ̀ sí mi lórí. Mo dúpẹ́, mo sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, mo tún ń wò.

Láti ibẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Treichville. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, mo fa imú. Ó ń rùn. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀, bí kẹrosíìnì, àti bí ewéko tó ti rà. Mo yọ ìwé mi jáde, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jáde ìwé tipẹ́.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí òjò dé. Kò ṣú kó tó rọ̀. N kò ní agboòrùn, èrò sì ti kún abẹ́ òrùlé ibùdókọ̀ náà fọ́fọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò ronú. Mo fa àdìrẹ náà yọ nínú àpò, mo dà á borí, mo fi bo èjìká. Nígbà tí ọkọ̀ dé, mo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́rùn, mo jókòó sápá òsì létí fèrèsé, ọkọ̀ sì gbéra. Plateau ń sún sẹ́yìn nínú òjò, àwọn ilé gíga ń di kúkurú. Ìyá kan tó jókòó tì mí fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú, ó ní, "Il est joli, ton pagne." Mo ní aṣọ náà dára lóòótọ́. N kò sọ fún un pé kì í ṣe tèmi.

Ebi ti ń pa mí nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Treichville. Mo ya ibi tí èéfín ti ń jáde, níbi tí wọ́n ti ń ta garba, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ooru sè, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n dín, àlùbọ́sà àti ata tútù lórí rẹ̀. Bẹ́ǹṣì là ń jókòó lé, ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́. Ọkùnrin tó ń din ẹja náà wò mí bí mo ṣe ń sunmú nítorí ata, ó ní, "Y a pas drap, Tantie," pé kò sí wàhálà, ó sì bù mí lómi. Mo mu ún. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mo ti jẹun ẹlòmíràn, mo sì ti mu omi ẹlòmíràn. Mo ká aṣọ náà, mo fi sínú àpò, mo wá ọkọ̀ Koumassi.

Ó ti ń lọ sí aago kan ààbọ̀ nígbà tí mo rí ilé ìpoògùn alágbélébùú. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi Yorùbá bi í bóyá ó mọ ìyá arúgbó kan tó wá láti ìlú wa. Gbogbo rẹ̀ ló yé e, Faransé ló fi dá mi lóhùn. "La vieille? Elle est là. Elle est fâchée même." Ó fi ìyarun júwe ilẹ̀kùn. Mo mọ ìtumọ̀ fâchée, pé inú ń bí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ló bí ìyá nínú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀, ó kọ̀yìn sógiri. Ìkòkò mẹ́ta wà nílẹ̀, aṣọ tó mọ́ ló fi bò wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé mà. Ọmọ àbúrò yín ni mí, láti..."

"Mo mọ ẹni tí o jẹ́. Bàálù yín, aago mélòó ló balẹ̀?"

"Aago méje mà."

"Sept heures. Ó ti lé ní treize heures, aago kan ọ̀sán, báyìí. Níbo lo wà?"

Irọ́ ti gun ahọ́n mi tán. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n dá mi dúró nítorí ìwé ìrìnnà. Mo gbójú kúrò lójú rẹ̀ kí n lè pa á dáadáa, ojú mi sì bọ́ sórí tábìlì. Fọ́tò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ti pọ́n. Ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé ìwé, ìbọ̀sẹ̀ kan gòkè dé orúnkún, èkejì ti rọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Èmi ni. Ọdún tí ìyá yìí wá sílé ni wọ́n yà á. Léèsì funfun wà lórí àga, ó ká a dáadáa.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ wà ní pápákọ̀."

"Depuis six heures, láti aago mẹ́fà. Ìyá rẹ ló pè mí lánàá. Cinq ans, ọdún márùn-ún, kò pè mí. Ó ní, 'Ọmọ yín ń balẹ̀ ní aago méje ọ̀la,' ó sì pa fóònù. Mi ò ní fọ́tò mìíràn, èyí ni mo mú lọ. Mo ní bí ojú ò bá jọ, imú á jọ. Mo dúró títí di onze heures, aago mọ́kànlá. Gbogbo èrò jáde tán. Mo wá ń rò ó pé, àbí ìyá rẹ fi mí ṣẹ̀sín? Àbí o rí mi ni, o sì yà?"

Mo lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Mo ní, "Mo rí yín mà. Mo yà. Mo rò pé ọmọ yín ló sọnù."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó sọnù náà."

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò ra ọrùn mi, ó wo àtàǹpàkò náà. Ó ti di búlúù.

"Aró wo nìyí?"

Mo gbé àpò náà fún un. Ó tú u. Aṣọ náà tutù, ó rúnjọ, òórùn ẹja díndín ti borí ti káfúrà. Mo mọ̀ pé ó dá a mọ̀, nítorí kò tẹ́ ẹ láti wo batani rẹ̀, ńṣe ló kó o mọ́ra pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo ní òjò ló rọ̀ létí ọ̀sà, mo ní n kò ní agboòrùn, mo ní mo dà á borí wọ inú ọkọ̀ ojú omi, mo gbé e jókòó nídìí garba, mo ṣe ohun tí kò yẹ, kí wọ́n foríjì mí.

Ó ní, "Inú ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ ojú omi mà. Láti Plateau sí Treichville."

"Ó wà lọ́rùn rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ẹ̀gbẹ́ wo lo jókòó sí?"

Mo rò pé ọgbọ́n ló fẹ́ fi mú mi, ṣùgbọ́n mo dáhùn pé òsì ni, létí fèrèsé. Ó bi mí bóyá omi ta dé ara aṣọ náà. Mo ní ó ta dé ibẹ̀. Ó bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò retí rárá, ó ń fi aṣọ náà nu ojú, aró sì ń kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni mò ń bẹ̀ ẹ́. 'Ẹ wá wo ibi tí mò ń gbé, Màámi. Ẹ wá wò ó kí ọkàn yín lè balẹ̀.' Ó ní ṣebí wọ́n ní orí omi ni ìlú náà wà, pé òun ò ní gun omi tí òun ò rí ìdí ẹ̀. Quarante ans, ogójì ọdún. Kò wá." Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀, ó ń na etí rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń tún aṣọ ọmọ ṣe. "Ìyá yìí ti wá gun ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti Plateau."

Mo tún un sọ. Mo sọ nípa àdán, ó ní ìyá wọn kì bá ti sá padà sílé lójú ẹsẹ̀. Mo sọ nípa ẹ̀ṣọ́ náà, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ nípa ìyá tó fọwọ́ kan aṣọ nínú ọkọ̀, tó ní ó dára, ó mi orí, ó ní òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo dé orí garba, ó ní pẹpẹyẹ ni ìyá wọn fẹ́ràn, kì í jẹ ẹja, ṣùgbọ́n kò burú. Lẹ́yìn náà ló sá aṣọ náà sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó ṣí ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ní kí n jẹun. Garba ti kún inú mi dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo jẹ gbogbo ohun tó bù fún mi, n kò ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni ìtanràn mi, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó tún bù sí i.

Ó ní òun ni yóò sìn mí padà. Ó tún wọ léèsì funfun rẹ̀, ó ká aṣọ náà, tó ti gbẹ, ó sì fi lé èjìká. Nínú takisí, ó ń júwe nǹkan fún mi láti ojú fèrèsé: ibi tó ti kọ́kọ́ tajà, ilé ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, òpó iná tí ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lára máàpù tí mo gbé wá. Mo kọ wọ́n sínú ìwé mi lẹ́yìn òórùn ọ̀sà.

A dé pápákọ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù. A kọjá ibi tó dúró sí láàárọ̀, kò wò ó, èmi náà kò wò ó. Lẹ́nu ọ̀nà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá rìnrìn àjò kọjá, mo kúnlẹ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó sì fà mí dìde.

Ó ní, "Ìyá rẹ. Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

N kò fẹ́ parọ́ fún un mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ó ní kí n má sọ nǹkan kan, mà."

Ó mi orí. Ó tún aṣọ ìyá rẹ̀ ṣe léjìká, ó rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má bàa yọ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé mo ti gbọ́."